Ogun ìgbà èédú àti irin lórí íntánẹ́ẹ̀tì: èwo nínú géèmù márùn-ún yìí ló bá yín mu?

Ẹni tó bá ṣí àwòrán ilẹ̀ Yúróòpù ọdún 1836 lójú kọ̀ǹpútà fún ìgbà àkọ́kọ́ máa rò pé ogun lòun wá jà. Kò ní pẹ́ tí yóò fi rí i pé èédú lòun ń wá kiri, irin lòun ń kà, ọ̀rọ̀ ìbọn kò tíì délẹ̀ rárá. Ohun tó mú kí n fẹ́ràn àwọn géèmù ogun tó dá lé ìgbà tí ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbilẹ̀ nìyẹn. Nígbà ọ̀kọ̀ àti idà, ọba tó bá ní akọni púpọ̀ lè fi ipá borí. Nígbà ọkọ̀ ojú irin, ẹni tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ kò lè rọ ọta ìbọn tó, tí ojú irin rẹ̀ kò sì dé ẹnu ààlà, ti pàdánù kí ẹnikẹ́ni tó yìnbọn.

Àwọn tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ máa ń bi mí pé èwo ni kí àwọn mú. Mo yan márùn-ún tí mo ti pẹ́ nídìí wọn: Victoria 3, Victoria II, Supremacy 1914, Diplomacy tí a ń ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àti Fall of the Samurai. Gbogbo wọn ni èèyàn lè bá ẹlòmíràn ṣe láti ọ̀nà jíjìn. Ṣùgbọ́n wọn kò jọra, ẹni tó bá sì mú èyí tí kò bá a mu máa rò pé òun kò gbọ́n tó, bẹ́ẹ̀ géèmù ló ṣì mú.

Ohun tí mo fi ń wọ̀n wọ́n

Àkókò ni mo fi ṣíwájú, owó tẹ̀lé e. Ó ní géèmù tó ń fẹ́ kí gbogbo yín jókòó pọ̀ fún wákàtí mẹ́ta mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà. Òmíràn á wà lórí fóònù yín tọ̀sán tòru fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Òmíràn ò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lójúmọ́. Gbogbo agbo géèmù tó tú lójú mi, àkókò ló tú u. Kò sí èyí tí owó tú nínú wọn.

Nínú ọ̀rọ̀ owó, ẹ má wo iye tí wọ́n ń tà á nìkan. Ẹ wo àfikún tí wọ́n ń tà lẹ́yìn rẹ̀, ẹ sì wo bóyá owó lè ra ìṣẹ́gun nínú eré gan-an. Ohun kẹta ni ẹ̀rọ àti íntánẹ́ẹ̀tì: ṣé kọ̀ǹpútà yín á lè gbé e, bí ìlà bá já, ṣé eré á ṣì wà? Èyí tó kẹ́yìn ni ibi tí ogun ọ̀hún wà. Ogun kan wà nínú ìwé ìṣírò, òmíràn wà lẹ́nu, òmíràn sì wà lójú pápá. Ẹ ti mọ èyí tí ọkàn yín ń fẹ́ kí ẹ tó máa kà lọ.

Victoria 3

Iléeṣẹ́ Paradox ti ilẹ̀ Swídìn ló ṣe é, ó sì jáde ní ọjọ́ 25 oṣù kẹwàá ọdún 2022. Ó bẹ̀rẹ̀ ní 1836, ó parí ní 1936, ọgọ́rùn-ún ọdún gbáko. Nínú gbogbo wọn, òun ló mọ ìgbà yẹn jù, nítorí pé ohun gbogbo tí ọmọ ogun bá lò ni ẹnì kan ti ṣe níbì kan, tí ó sì ní iye lọ́jà.

Mo wà lórí Prọ́ṣíà, ọ̀kan lára àwọn ìjọba Jámánì àtijọ́, nígbà kan, ní nǹkan bí 1850 nínú eré. Mo fẹ́ bi Ọ́sítríà ṣubú kí n lè kó àwọn ìlú Jámánì jọ sábẹ́ ara mi. Mo sáré kọ́ bárékè, mo gba ọmọ ogun kún ọmọ ogun. Kí iṣẹ́ lè yá, mo yí ọ̀nà tí a fi ń kọ́lé padà sí ti onírin, n kò kọ́kọ́ wo iye irin tí a ń wà. Kíá ni iye irin fò sókè. Ilé iṣẹ́ tó ń rọ irinṣẹ́ ń lo irin, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í pàdánù, irinṣẹ́ wá wọ́n. Àwọn ibi ìwakùsà tó yẹ kó fi irinṣẹ́ wa irin sí i kò rí irinṣẹ́ tó pọ́ọ́kú. Irin ò sí nítorí irinṣẹ́, irinṣẹ́ ò sí nítorí irin. Nígbà tí ogun fi dé, àpò ìjọba ti gbẹ, gbèsè ń gorí gbèsè, àwọn ọmọ ogun tí mo fi ń yangàn kò rí ọta ìbọn yìn. Ọ̀rẹ́ mi tó wà lórí Ọ́sítríà kò ṣe ju pé ó dúró sójú kan, tó ń wò mí bí mo ṣe ń fọwọ́ ara mi ṣubú. Láti ọjọ́ yẹn, n kì í fọwọ́ kan bárékè kí n tó wo ọjà irin àti èédú.

Ojú irin náà ń ṣiṣẹ́ tó lágbára níbẹ̀. Ìpínlẹ̀ tí ọ̀nà ìrìnnà rẹ̀ kò bá tó, ọjà rẹ̀ kò ní lè dàpọ̀ dáadáa mọ́ ti ìyókù ilẹ̀ yín. Ẹ lè ní ibi ìwakùsà tó dára jù lọ lágbàáyé níbẹ̀ kó má sì ṣe yín láǹfààní.

Kí ogun tó bẹ́, ìhà méjèèjì máa kọ́kọ́ fa ọ̀rọ̀ níwájú gbogbo ayé. Ẹni tó ń béèrè ilẹ̀ á sọ ohun tó fẹ́, ẹni tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ á sọ tirẹ̀, àwọn alágbára tó kù á máa wò wọ́n, ọjọ́ á sì máa lọ. Ẹ lè ṣèlérí ohun kan fún Rọ́ṣíà kó dúró tì yín. Ọ̀tá yín lè fi tirẹ̀ fa ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ́ra. Ẹnì kan lè rí i pé agbára kò dọ́gba, kó sì gbà fún ẹnì kejì láìsí ìjà. Bó bá jẹ́ pé èèyàn ẹlẹ́ran ara ló wà nídìí gbogbo orílẹ̀-èdè wọ̀nyẹn, ibẹ̀ ló dùn jù nínú géèmù yìí. Mo ti rí ogun ńlá tó parí lórí fóònù láàárín ẹni mẹ́rin kí ọjọ́ ìjà tó pé.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ràn láti máa fọwọ́ ara rẹ̀ darí ọmọ ogun ẹgbẹ́ kan lẹ́yìn èkejì kò ní gbádùn rẹ̀. Ọ̀gágun ni ẹ máa yàn sí ojú ogun, ẹ ó sọ fún un pé kó kọlu ọ̀tá tàbí kó dúró gbèjà, òun ni yóò ṣe ìyókù. Wọ́n tún ètò ọmọ ogun yìí tò ní ọdún 2023, ó sì dára ju ti ìbẹ̀rẹ̀ lọ, síbẹ̀ ìṣírò ló ṣì ń borí.

Ní ti owó, 49.99 dọ́là ni wọ́n tà á nígbà tó jáde, àfikún rẹ̀ sì ń pọ̀ sí i lọ́dọọdún. Ẹ̀dínwó máa ń wà lórí Steam, ọjà géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹni tó bá lè ní sùúrù kó dúró dè é. Ìròyìn ayọ̀ fún agbo ni pé bí ẹni tó gbé eré kalẹ̀ bá ní àfikún, gbogbo àwọn tó wọlé bá a ló máa jàǹfààní rẹ̀. Kọ̀ǹpútà tó ní mẹ́mórì 8 GB ló kéré jù tí wọ́n ní kéèyàn lò, wọ́n sì dámọ̀ràn 16 GB. Ẹ má fojú di ìmọ̀ràn yẹn. Bí ọdún bá ti ń lọ, tí àwọn èèyàn inú eré ń pọ̀ sí i, ìṣirò rẹ̀ ń wúwo, kọ̀ǹpútà tó bá sì lọ́ra jù nínú agbo ni gbogbo yín máa dúró dè.

Agbo tiwa ń pàdé ní alaalẹ́ ọjọ́ Àìkú fún wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin, ó sì ń gbà wá tó ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá kí a tó parí ẹyọ eré kan. Ní ìgbà kan, kọ̀ǹpútà ẹni tó gbé eré kalẹ̀ dákú ní ọ̀sẹ̀ keje, kò sì sí ẹlòmíràn nínú wa tó tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méje wọgbó. Ó dùn mí débi pé n kò ṣí géèmù kankan fún oṣù kan. Nísinsìnyí, kò sẹ́ni tó ń dìde kó tó fi ẹ̀dà tirẹ̀ pamọ́, mo sì ń bẹ̀ yín kí ẹ̀yin náà ṣe bẹ́ẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́.

Victoria II

Ẹ̀gbọ́n Victoria 3 ni, ó jáde ní 2010, ọ̀pọ̀ èèyàn kò sì tíì fi í sílẹ̀. Ìgbà kan náà ni, orílẹ̀-èdè kan náà ni, ṣùgbọ́n níbí, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa kó ọmọ ogun láti agbègbè dé agbègbè. Ẹ ó mọ ibi tí òkè wà, ẹ ó mọ ibi tí odò wà, ẹ ó sì mọ ìrora ọmọ ogun tí ẹ kó lọ sí ibi tí kò yẹ.

Orílẹ̀-èdè mẹ́jọ péré ló lè jẹ́ alágbára ńlá lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn ló sì ń fa àwọn kéékèèké mọ́ abẹ́ ara wọn. Ẹni tó bá ń gba ilẹ̀ onílẹ̀ láìdẹwọ́ máa kó orúkọ burúkú jọ, géèmù sì ń fi nọ́ńbà kà á. Bí orúkọ burúkú yẹn bá ti kọjá 25, gbogbo ayé ní ẹ̀tọ́ láti dojú kọ ọ́. Òfin yìí nìkan ti tó láti kọ́ èèyàn ní ìfaradà. Àfikún Heart of Darkness tó jáde ní 2013 fi ìjà ilẹ̀ àwọn amúnisìn sí i, ó sì fi àwọn rògbòdìyàn sí i tó lè sọ ọ̀rọ̀ ìlú kékeré kan di ogun láàárín gbogbo alágbára. Bí ẹ bá máa rà á, ẹ rà á pẹ̀lú àfikún yẹn.

Kò wọ́n tó àbúrò rẹ̀, kọ̀ǹpútà àtijọ́ sì lè gbé e, nítorí 2 GB mẹ́mórì ni wọ́n béèrè. Ìṣòro rẹ̀ ni ọjọ́ orí. Ojú rẹ̀ kò ṣàlàyé nǹkan fún àlejò, èèyàn máa ń ṣi àwọn tábìlì rẹ̀ wò títí kó tó mọ ìdí tí ilé iṣẹ́ aṣọ rẹ̀ fi ń kú. Láti so ẹni márùn-ún pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì náà ń fẹ́ ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ àdírẹ́sì IP díẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi ń rí ara wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò bá sí lágbo yín, ẹ wá òmíràn.

Supremacy 1914

Ìparí ìgbà yẹn lèyí dúró sí, ìyẹn ọdún tí gbogbo irin tí wọ́n ti ń rọ láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún di àgbá tí wọ́n kọjú síra wọn. Bytro, iléeṣẹ́ kan ní Hamburg ní Jámánì, ló ṣe é, ó sì ti wà láti 2009. Ọ̀fẹ́ ni, orí burọ́sà tàbí fóònù lẹ ti máa ṣe é. Àwòrán ilẹ̀ rẹ̀ tó tóbi jù lè gba 500 èèyàn.

Ohun tó yà á sọ́tọ̀ ni pé ọjọ́ inú eré ni ọjọ́ òde. Bí ọmọ ogun yín bá máa rìn fún wákàtí mẹ́sàn-án, wákàtí mẹ́sàn-án gidi ni. Ẹ lè sùn kí ẹ jí kí ẹ bá wọn lójú ọ̀nà. Ọgbọ́n àkọ́kọ́ tí mo kọ́ níbẹ̀ ni pé kí n máa ṣírò ìgbà tí ọmọ ogun mi máa débẹ̀ kí n tó rán wọn, kó má lọ jẹ́ pé aago mẹ́ta òru ni wọ́n máa kàn ọ̀tá nígbà tí mo ń hanrun. Èkejì ni pé kí n bá ẹni tó wà ní apá ibòmíràn lágbàáyé dá májẹ̀mú. Ọ̀sán tirẹ̀ ni òru tèmi, ó ń ṣọ́ ààlà mi, èmi náà ń ṣọ́ tirẹ̀.

Ibi tí mo ti ń kìlọ̀ ni owó. Ọ̀fẹ́ ni wíwọlé, ṣùgbọ́n wọ́n ń ta owó inú eré tí wọ́n ń pè ní Goldmark, ẹni tó bá ní in lè mú kí iṣẹ́ rẹ̀ yá ju ti ẹni tí kò ní lọ. Bí ẹ bá mọ̀ pé inú yín máa ń ru sókè bí wọ́n bá ṣẹ́gun yín lọ́nà bẹ́ẹ̀, tí ọwọ́ yín á sì lọ sí àpò, ẹ sá fún un. Ohun kejì ni pé ọ̀pọ̀ èèyàn ń sá lọ láàárín ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kọ̀ǹpútà á sì gba orílẹ̀-èdè wọn. Ẹ má ka ilẹ̀ tí ẹ gbà lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà sí ìṣẹ́gun.

Diplomacy

Ní 1959 ni wọ́n ti kọ́kọ́ tà á gẹ́gẹ́ bí ayò orí pátákó. Lónìí, ẹ lè ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ lórí ìkànnì webDiplomacy tàbí Backstabbr. Ẹni méje ni: Ọ́sítríà, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Faransé, Jámánì, Ítálì, Rọ́ṣíà, Tọ́kì. Ibùdó ìpèsè 34 ló wà lójú pátákó, ẹni tó bá kọ́kọ́ kó 18 ló borí. Kò sí ayò olójú mẹ́fà tí a ń dà, kò sí oríire. Ọmọ ogun kan àti ọmọ ogun kan kò lè ṣí ara wọn nídìí, àfi bí ẹlòmíràn bá ti ẹnì kan lẹ́yìn. Gbogbo yín lẹ máa kọ àṣẹ yín ní ìkọ̀kọ̀, tí wọ́n á ṣí gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ kò sí níbẹ̀ ní tòótọ́, iye ibùdó tí ẹ bá ní ni iye ọmọ ogun tí ẹ lè bọ́. Síbẹ̀ kò sí èyí tó fi ìbẹ̀rù àwọn alágbára ìgbà yẹn hàn mí tó o.

Mo mú Ọ́sítríà. Ìgbà ìrúwé 1901 inú eré ni, ìbẹ̀rẹ̀ pátápátá, Rọ́ṣíà kọ̀wé sí mi pé: "Ọ̀rẹ́ mi, kí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni nínú wa má kan Galicia." Ilẹ̀ tó wà láàárín wa ni Galicia. Mo gbà. Bí mo bá ti rán ọmọ ogun Vienna síbẹ̀, tí òun náà rán ti Warsaw, àwọn méjèèjì ì bá kàn takora ni, kò ní sí ẹni tó wọlé. N kò rán an. Mo kó Vienna lọ sí Tyrolia nítorí Ítálì, mo kó Budapest wọ Serbia. Wọ́n ṣí àṣẹ, mo rí i: Rọ́ṣíà ti wà ní Galicia, ó ń wo Vienna lápá kan, ó ń wo Budapest lápá kejì, méjèèjì sì ṣófo. Bí ìgbà ìkórè bá fi parí tí ọmọ ogun mi kò sí ní Serbia, ibùdó yẹn kì í ṣe tèmi. Bó bá sì dúró síbẹ̀, ta ló máa ṣọ́ Budapest? Mo jókòó ti ìwé yẹn fún wákàtí méjì, mo ń ronú lórí ohun tí Rọ́ṣíà rò pé mo máa rò. Mo fi ọmọ ogun mi sílẹ̀ ní Serbia, mo dá ti Tyrolia padà sí Vienna. Budapest ló wọ̀.

Inú mi bàjẹ́, ṣùgbọ́n n kò lè sọ pé géèmù ló fìyà jẹ mí. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni mo gbà gbọ́. Ní 2022, Meta, iléeṣẹ́ tó ni Facebook, kéde ètò kọ̀ǹpútà kan, Cicero, tó kópa nínú géèmù 40 lórí webDiplomacy láàárín àwọn èèyàn, tó ń bá wọn kọ̀wé síra, ó sì wà lára ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún tó ṣe dáadáa jù nínú àwọn tó kópa ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ẹ̀rọ náà ti mọ̀ pé ẹnu ni ogun yìí wà.

Fóònù èyíkéyìí lè gbé e, íntánẹ́ẹ̀tì tó ń fà tìn-ìn-tín kò pa á lára. Ẹni tó dá eré sílẹ̀ ló ń yan iye àkókò tí ìpele kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ìgbà tí ẹ fi ń kọ àṣẹ, máa gbà, láti ìṣẹ́jú díẹ̀ dé ọ̀pọ̀ ọjọ́. Ọjọ́ kan tàbí méjì fún ìpele kan ló dára fún ẹni tó ní iṣẹ́. Ewu rẹ̀ ni ẹni tó bá dákẹ́: bí Tọ́kì kò bá kọ àṣẹ mọ́, aládùúgbò rẹ̀ á kàn jogún rẹ̀ ni, eré sì bàjẹ́ fún àwọn yòókù. Ẹ wá ẹni méje tó ṣeé gbára lé kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Fún ẹni tí kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ púpọ̀, ó ní irú kan tí wọ́n ń pè ní Gunboat, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti gbọ́dọ̀ bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.

Fall of the Samurai

Iléeṣẹ́ Creative Assembly ló ṣe é ní 2012, ogun abẹ́lé ilẹ̀ Jàpáánì láàárín ìjọba Shogun (ọ̀gágun tó ń ṣàkóso ilẹ̀ náà) àti ti ọba ńlá ló dá lé. Ẹni méjì péré ló lè jọ ṣe odindi ogun náà, yálà wọ́n gbèjà ara wọn tàbí wọ́n dojú kọra. Lójú àwòrán ilẹ̀, ẹnì kan á ṣe tirẹ̀ tán kí ó tó kan ẹnì kejì. Bí ọmọ ogun bá pàdé, ẹ ó bọ́ sójú pápá, ẹ ó sì máa darí wọn lójú ẹsẹ̀, láìdúró de ara yín. Ẹ lè kọ́ ojú irin. Ọkọ̀ ogun onírin tó bá wà nítòsí etíkun lè yìnbọn àgbá sórí pápá tí ẹ ti ń jà. Bí ẹ bá sì ń sọ ìlú di ti ìgbàlódé, àwọn ará ìlú á máa bínú, ìyẹn sì jẹ́ òtítọ́ nípa ìgbà yẹn. Lẹ́ẹ̀kan lẹ ó rà á. Ẹ má wá ọrọ̀ ajé tó jinlẹ̀ níbẹ̀.

Ta ló yẹ kó mú èwo

Bí ẹ bá ní ẹni mẹ́ta sí mẹ́jọ tó lè pàdé ní alẹ́ kan pàtó lọ́sẹ̀, tí kọ̀ǹpútà wọn sì lágbára, Victoria 3 ni kí ẹ mú, n kò ṣiyèméjì. Bí agbo yẹn bá wà ṣùgbọ́n tí kọ̀ǹpútà wọn ti dàgbà, tàbí tí wọ́n bá fẹ́ fọwọ́ ara wọn kó ọmọ ogun, kí wọ́n mú Victoria II.

Òbí ọmọ kékeré, òṣìṣẹ́ tí kò mọ ìgbà tó máa délé, akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ní ju fóònù lọ: Diplomacy, ìpele ọlọ́jọ́ méjì. Bí ẹ kò bá lè fara da kí ọ̀rẹ́ parọ́ fún yín, kódà nínú eré, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Gunboat.

Supremacy 1914 wà fún ẹni tí kò ní agbo rárá, tó fẹ́ bá àjèjì jà lónìí gan-an láìná kọ́bọ̀. Kó ṣètò oorun rẹ̀ kó tó wọlé, kó sì pinnu ṣáájú pé òun kò ní ra Goldmark.

Bó bá sì jẹ́ ẹ̀yin àti ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo ni, tí ẹ fẹ́ rí èéfín ìbọn lójú yín, Fall of the Samurai ni. Kí ọ̀kan mú ìhà Shogun, kí èkejì mú ti ọba.